Agídí Ilé Henschke: Ìtàn Ìdílé Kan Àti Wáìnì Wọn Ní Gúúsù Ọsirélíà

(Ọ̀rọ̀ àsọyé níwájú àpéjọ àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Adelaide)

Alága, mo júbà. Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin àbúrò, ẹ kú ìjókòó o. Ẹ kú òtútù. Ẹ kú iṣẹ́ ọ̀sẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀ tààrà síbí láì tíì fojú ba oorun. Olúwa á fún wa ní ìsinmi. Ẹ̀yin ọmọdé tó wà lẹ́yìn, mo kí ẹ̀yin náà. Mo ti ń gbóòórùn ìrẹsì láti ilé ìdáná. Ẹ ní sùúrù fún mi díẹ̀, n ò ní pẹ́ jù.

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa Barossa àti Eden Valley, àwọn agbègbè tí wọ́n ti ń ṣe wáìnì, torí pé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ la fẹ́ kó sínú bọ́ọ̀sì lọ ṣe fàájì níbẹ̀. Akọ̀wé tilẹ̀ ní kí n sọ ìtàn gbogbo ilé wáìnì tó wà lọ́hùn-ún. Mo ní, "Akọ̀wé, ṣé ẹ fẹ́ ká sùn síbí ni?" (Ẹ̀rín.) Ilé kan ṣoṣo ni mo mú. Ilé Henschke ni, ní abúlé Keyneton, lókè Barossa, ìrìn ọkọ̀ wákàtí kan àti díẹ̀ láti ibi tí a jókòó sí yìí. Ìran kan náà ló ni ín láti ọdún 1868. Ó ti di ìran kẹfà báyìí.

Mo rí àwọn alhájà wa níwájú. Mo rí àwọn ará ìjọ tí kì í fẹnu kan ọtí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dìde. Ìtàn ìdílé ni mo wá sọ. Ọtí ló tẹ̀ lé e wá. Obìnrin kan sì wà nínú ìtàn yìí tó kórìíra ọtí ju gbogbo yín lọ. Ẹ máa pàdé rẹ̀ láìpẹ́.

Kí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fọkàn bá lọ? Agídí ni. Agídí ni ilé yìí fi dúró. Ní gbogbo oríta tí ìtàn wọn dé, ẹnìkan máa ń wà tí wọ́n ní kó ṣe báyìí, kó ṣe bí gbogbo ayé ti ń ṣe, tó sì ní òun ò ṣe. Ẹ máa kà á bí mo ti ń sọ ọ́ lọ.

Ìwé àdúrà ọba

Ta ló máa ń fi ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀, tí kò bá jẹ́ pé nǹkan lé e? Gbogbo wa tó wà nínú yàrá yìí la mọ ìdáhùn tiwa, mi ò bi yín. (Ẹ̀rín.) Ti àwọn ará Barossa, ẹ̀sìn ni.

Ilẹ̀ ọba kan wà nígbà náà tí wọ́n ń pè ní Prussia. Apá kan rẹ̀ ti di Jámánì lónìí, apá kan ti di Pólándì. Lọ́dún 1817, ọba wọn, Friedrich Wilhelm Kẹta, pàṣẹ pé kí ìjọ Lutheran àti ìjọ Reformed di ọ̀kan. Nígbà tó yá, ó ṣe ìlànà ìsìn kan jáde, ó ní òun náà ni gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì gbọ́dọ̀ máa lò. Àwọn Lutheran kan ní rárá o. Wọ́n ní ọba ló ni ilẹ̀, kì í ṣe òun ló ni àdúrà. Wọ́n ju àwọn pásítọ̀ wọn sẹ́wọ̀n. Wọ́n bu owó ìtanràn lé àwọn ọmọ ìjọ. Àwọn èèyàn wá ń sá lọ ṣe ìsìn nínú igbó, lóru.

Pásítọ̀ wọn kan, August Kavel, gba Lọ́ńdọ̀nù lọ, ó bá oníṣòwò olówó kan pàdé, George Fife Angas. Angas wà lára àwọn tó ń dá ìlú tuntun sílẹ̀ ní Gúúsù Ọsirélíà, èyí tí wọ́n kéde ní 1836. Ẹ mọ̀ pé ní àwọn ibòmíràn kan lórílẹ̀-èdè yìí, ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Tibí kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣèlérí pé kálukú á sin Ọlọ́run bó ṣe wù ú. Angas yá àwọn ará Kavel lówó ọkọ̀, ó sì fi èlé sí i. Onígbàgbọ́ ni bàbá náà, ṣùgbọ́n ó mọ owó kà. Lọ́dún 1838 ni ọkọ̀ wọn àkọ́kọ́ gúnlẹ̀.

Johann Christian Henschke kò sí nínú èyí àkọ́kọ́. Láti abúlé Kutschlau ló ti wá, nínú ọkọ̀ Skjold, lọ́dún 1841, pẹ̀lú Pásítọ̀ Fritzsche. Ẹ wá gbọ́ èyí dáadáa: ọba tó ń ni wọ́n lára ti kú ní 1840. Ọmọ rẹ̀ tó jọba kò le tó bàbá. Ká ní àwa ni, ṣé a ò ní í sọ pé ẹ jẹ́ ká tún wò ó ná? Wọn ò wò ó. Wọ́n ti pinnu, wọ́n sì lọ.

Ìrìn àjò náà burú. Oṣù lórí oṣù lójú òkun, àìsàn nínú ọkọ̀, òkú tí wọ́n ń sọ sómi. Ìyàwó Johann Christian kú lójú ọ̀nà, ikú sì mú nínú ọmọ rẹ̀. Bó ṣe gúnlẹ̀ nìyẹn, ọkùnrin opó, ní ilẹ̀ tí kò gbọ́ èdè wọn. Ó fẹ́ ìyàwó mìíràn, ó ṣiṣẹ́ oko ní agbègbè Bethany fún nǹkan bí ogún ọdún, kó tó wá ra ilẹ̀ sí Keyneton ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1860.

Ọtí kọ́ ló wá ṣe o. Àlìkámà, ẹran ọ̀sìn, èso, àwọn nǹkan bẹ́ẹ̀ lòun àti Paul Gotthard, ọmọ rẹ̀, ń ṣe. Wọ́n gbin àjàrà díẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n kọ́ ilé ìpamọ́ kékeré kan sínú ẹ̀gbẹ́ òkè kí ibẹ̀ lè máa tutù. Wáìnì tí ìdílé àti aládùúgbò máa mu ni. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe tó pọ̀ tó láti tà ni ti 1868.

Ìyá tó fa àjàrà tu

Ṣé ẹ rántí pé mo ṣèlérí obìnrin kan? Ó dé.

Ṣáájú kí Henschke tó dé Keyneton, Gẹ̀ẹ́sì kan wà níbẹ̀, Henry Evans. Òun ló kọ́kọ́ gbin àjàrà sí àdúgbò yẹn, éékà méje, lọ́dún 1853. Wáìnì rẹ̀ dára, ó sì gbayì. Ṣùgbọ́n ta nìyàwó rẹ̀? Sarah, ọmọ George Fife Angas tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ rẹ̀ tán. Ìyá yìí wà nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbógun ti ọtí. Kò fara pa á mọ́, kò sì fẹnu yẹpẹrẹ sọ ọ́. Àbí irú ilé wo nìyẹn? Bàbá ń pọn ọtí, ìyá ń wàásù pé ọtí ń pààyàn!

Henry kú ní 1868. Sarah ti ilé ọtí pa. Ó ní kí wọ́n fa àjàrà tí wọ́n fi ń ṣe wáìnì tu, ó fi èyí tí wọ́n lè jẹ tàbí tí wọ́n lè sá gbẹ sílẹ̀.

Ọdún 1868 kan náà ni Henschke gbé wáìnì tirẹ̀ jáde, lábúlé kan náà. Ilẹ̀kùn kan tì, ìkejì ṣí. Mi ò gbọ́ pé wọ́n jà. Ìdílé Henschke pàápàá ń ṣe wáìnì pupa kan títí dòní tí wọ́n sọ ní Henry's Seven, ní ìrántí éékà méje bàbá yẹn. Èmi fẹ́ràn Sarah ju bí mo ṣe fẹ́ràn ọkọ rẹ̀ lọ, kí n má purọ́. Ẹni tó lè fa owó ara rẹ̀ tu nílẹ̀ torí ohun tó gbà gbọ́, ẹ jẹ́ ká bọ̀wọ̀ fún un. (Àtẹ́wọ́, pàápàá láti iwájú.)

Àwọn àgbààgbà inú oko

Ẹ jẹ́ ká wá wọ oko. Tí ẹ bá kúrò nílé Henschke, tí ẹ wakọ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ sí apá Moculta, ẹ máa rí ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan tí wọ́n fi òkúta kọ́ ní 1860. Gnadenberg lorúkọ rẹ̀. Òdìkejì ọ̀nà ni oko tí gbogbo ayé wáìnì mọ̀ sí Hill of Grace. Orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì náà ni wọ́n fi sọ ọ́. Nicolaus Stanitzki, ọ̀kan nínú àwọn baba ńlá wọn, ló gbin àjàrà Shiraz síbẹ̀ ní nǹkan bí 1860. Díẹ̀ nínú àwọn igi tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn yẹn wà láàyè títí di bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀. Wọ́n ṣì ń so. "Àwọn baba àgbà" ni ìdílé náà ń pè wọ́n.

Ẹ má ronú oko ńlá. Ilẹ̀ náà jẹ́ nǹkan bíi hẹ́kítà mẹ́jọ, Shiraz ò sì kọjá ìdajì rẹ̀. Ó ga tó 400 mítà sí òkun, òru ibẹ̀ tutù. Ìgbà òtútù la ń lọ yìí, ewé ò ní sí lórí wọn, ẹ máa lè rí ara wọn dáadáa. Ìdí wọn ti ki, ó lọ́ bí ẹni tó ń fún aṣọ. Èèpo ara wọn ń ṣí, ó dúdú, ó rí jákujàku. Òmíràn ti là sí méjì, ẹ lè fi ọwọ́ ti inú rẹ̀ bọ́ sí òdìkejì. Ẹ̀ka tó jáde lórí rẹ̀ kò ju ìka lọ. Ẹnìkan lè rò pé wọ́n ti kú. Kò sẹ́ni tó ń bomi rin wọ́n. Gbòǹgbò wọn ti lọ wá omi rẹ̀ nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Èso wọn kì í pọ̀, ó máa ń kéré, ṣùgbọ́n adùn tó wà nínú rẹ̀ nípọn. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Oko tuntun lè so ìlọ́po rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó máa so.

Báwo ni wọ́n ṣe pẹ́ tó báyìí? Ìbéèrè tó yẹ ká bi ara wa nìyẹn, torí pé ní Faransé níbi tí Shiraz ti wá, igi tó dàgbà tó èyí ṣọ̀wọ́n gan-an. Kòkòrò kan ló fà á. Phylloxera lorúkọ rẹ̀. Kò tó orí abẹ́rẹ́. Láti Amẹ́ríkà ló ti bá igi àjàrà wọ ọkọ̀ dé Faransé ní àwọn ọdún 1860, ó ń fa omi ara gbòǹgbò mu, ó pa oko lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Kí ni wọ́n ṣe? Àjàrà Amẹ́ríkà ti mọ́ kòkòrò yẹn lára, kì í pa á. Ni wọ́n bá ń lọ́ àjàrà Yúróòpù mọ́ gbòǹgbò ti Amẹ́ríkà. Títí dòní, àjàrà tó pọ̀ jù ní Yúróòpù, òkè rẹ̀ ni ọmọ ilẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ àlejò ni.

Kòkòrò náà dé Ọsirélíà. Wọ́n rí i nítòsí Geelong, ní Victoria, lọ́dún 1877. Àwọn ará Gúúsù Ọsirélíà gbọ́, wọ́n ti ẹnubodè: kí ẹnikẹ́ni má gbé igi àjàrà tàbí ẹ̀ka rẹ̀ wọlé. Wọ́n ṣòfin phylloxera ní 1899. Òfin yẹn ò tíì rọ̀ títí dòní, kòkòrò náà kò sì tíì wọ ìpínlẹ̀ yìí. Ẹ rántí rẹ̀, torí mo máa tó sọ̀rọ̀ nípa bàtà yín.

Ohun tí Cyril kọ̀ láti ṣe

Ìran kẹta, Paul Alfred, mo máa fò ó kọjá. Ó gba ilé náà ní àsìkò Ogun Àgbáyé Kìíní, ó gbé e la ọ̀dá owó kọjá, ó sì gbé e lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Iṣẹ́ ńlá nìyẹn, kò kàn ní ariwo nínú ni. Ọmọ rẹ̀ Cyril ni ariwo wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ní bíi 1950 tí Cyril bẹ̀rẹ̀, irú wáìnì wo ni àwọn ará Ọsirélíà ń mu? Wáìnì dídùn tí wọ́n da ògidì ọtí líle lé lórí, irú bíi port àti sherry. Òun ló ń tà. Wáìnì lásán tí èèyàn lè fi jẹun, àwọn díẹ̀ ló bìkítà fún un. Tí wọ́n bá sì ṣe é, wọ́n á pò ti oko yìí mọ́ ti oko yẹn, wọ́n á lẹ orúkọ ilẹ̀ Faransé mọ́ ọn lára.

Cyril ní òun ò pò. Ó ní oko kan, ìgò kan, orúkọ oko yẹn lára ìgò. Ó fi ti Mount Edelstone bẹ̀rẹ̀ ní 1952, oko Shiraz kan tí ọ̀kan nínú ìran Angas gbìn ní 1912. (Bẹ́ẹ̀ ni, Angas náà. Ìdílé yẹn ò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀ nínú ìtàn àdúgbò yìí.) Ní 1958 ó ṣe Hill of Grace àkọ́kọ́. Oko tó jẹ́ pé ti ìran rẹ̀ ni, tó ti wà níbẹ̀ fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún, èso rẹ̀ ni kò tíì dá dúró nínú ìgò kan rí.

Agídí wà nínú afẹ́fẹ́ àdúgbò yẹn nígbà náà, mo rò bẹ́ẹ̀. Max Schubert, tó ṣe wáìnì Grange fún ilé wáìnì ńlá kan tó ń jẹ́ Penfolds, Moculta ni wọ́n ti bí i. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ tọ́ Grange wò ní 1957, wọ́n ní kò dáa, kó má ṣe é mọ́. Ó ń fi bò ó ṣe ọdún mẹ́ta, ó ń kó o pamọ́ sísàlẹ̀ ilé. Lónìí, Grange àti Hill of Grace ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ pọ̀ tí wọ́n bá ń sọ wáìnì pupa tó lókìkí jù lórílẹ̀-èdè yìí. Ṣùgbọ́n Grange ń gba èso láti oko oríṣiríṣi. Hill of Grace kì í gbà á ju ibi kan lọ.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Màmá kan bi mí lẹ́nu ọ̀nà pé ṣé ẹsẹ̀ ni wọ́n ṣì fi ń tẹ̀ ẹ́. Rárá, màmá. (Ẹ̀rín.) Ọwọ́ ni wọ́n fi ń já èso náà. Wọ́n á dà á sínú kòtò kọnkéré tí kò ní ìdérí, tí wọ́n fi ìda pa inú rẹ̀. Omi inú èso àjàrà dúdú, funfun ni o. Ara èèpo ni pupa wà. Tí ó bá ti ń hó, èèpo á gbéra, á fẹ́ léfòó. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n ilé náà wà: wọ́n á to pákó bo ojú kòtò, wọ́n á dì í mọ́lẹ̀, kí èèpo má lè gòkè ju omi lọ. Omi nìkan ló máa gba àárín pákó jáde sókè, pupa yòò, tí ìfófòó rẹ̀ ń tú pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́. Báyìí ni wọ́n ti ń ṣe é láti ayé Cyril. Lẹ́yìn náà, ó di inú àgbá igi óákù, ti Faransé àti ti Amẹ́ríkà, fún nǹkan bí oṣù méjìdínlógún. Lẹ́yìn tí wọ́n bá rọ ọ́ sínú ìgò, ó tún ń dúró. Láti ọjọ́ tí wọ́n já èso títí dọjọ́ tí wọ́n á tà á, bí ọdún márùn-ún ni.

Ẹ wò ó, ẹmu tiwa, tí a bá dá a láàárọ̀, ìrọ̀lẹ́ ló ti kan. Adẹ́mu tó bá ní kí oníbàárà padà wá lọ́dún márùn-ún, wọ́n á sìn ín lọ sílé aláìsàn ni! (Ẹ̀rín gan-an.) Ohun tó mú kí èyí ṣeé ṣe níbí ni pé ti ìdílé ni. Kò sí ẹni tó ń béèrè èrè oṣù mẹ́ta lọ́wọ́ wọn. Tí ọdún kan bá sì burú, tí èso ò dáa tó, wọn ò ní ṣe Hill of Grace rárá. Kò sí ti 1974. Kò sí ti 2000. Ẹ ronú bí owó tó bá omi lọ níbẹ̀ yẹn ṣe pọ̀ tó, kí ẹ tó sọ pé agídí rọrùn.

Ilé là ń wò

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé Henschke náà ń wo ilé kí wọ́n tó sọ wáìnì lórúkọ. Cabernet wọn, wáìnì pupa, ń jẹ́ Cyril Henschke. Semillon wọn, wáìnì funfun, ń jẹ́ Louis, ẹni tó tọ́jú oko Hill of Grace fún ọ̀pọ̀ ọdún. Tilly's Vineyard jẹ́ orúkọ obìnrin kan nínú ìdílé. Èyí tó wù mí jù ni Keyneton Euphonium, Shiraz tí wọ́n pò mọ́ Cabernet àti àwọn mìíràn. Kí ni euphonium? Fèrè idẹ ńlá ni. Paul Gotthard ló dá ẹgbẹ́ olórin onífèrè idẹ sílẹ̀ nínú ìdílé wọn ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, fèrè yẹn sì wà lọ́wọ́ wọn títí dòní. Àgbẹ̀ ni wọ́n láàárọ̀, olórin ni wọ́n lálẹ́.

Èyí tó gbọ́dọ̀ mú wa dúró díẹ̀ ni Julius, Riesling wọn, wáìnì funfun mìíràn. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ Julius.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn ará Barossa tí wọ́n ti wà níbí láti ọgọ́rin ọdún sẹ́yìn di ọ̀tá lójú aládùúgbò wọn, torí pé èdè Jámánì ni wọ́n ń sọ nílé. Ìjọba ti ilé ìwé Lutheran mọ́kàndínláàádọ́ta pa ní 1917. Wọ́n ṣòfin yí orúkọ ìlú mọ́kàndínláàádọ́rin padà. Klemzig, ìlú àkọ́kọ́ tí àwọn ará Kavel tẹ̀dó, di Gaza. Hahndorf tí gbogbo wa ń lọ jẹ sọ́séèjì lónìí, Ambleside ni wọ́n sọ ọ́ dà nígbà náà. Àwa tí wọ́n máa ń bi ní gbogbo ìgbà pé "níbo gan-an lẹ ti wá?", ṣé ó ṣòro fún wa láti mọ bó ṣe rí lára wọn?

Julius Henschke, agbẹ́kùúta ni. Lẹ́yìn ogun náà, kí ni iṣẹ́ tó wá sọ́wọ́ rẹ̀? Òun ni wọ́n ní kó gbẹ́ àwọn òkúta ìrántí fún àwọn ọmọ ogun Ọsirélíà tó kú lójú ogun, ogun tí wọ́n bá ilẹ̀ tí bàbá ńlá rẹ̀ ti wá jà. Ó gbẹ́ wọn. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí èyí.

Owó ìfàtu

Cyril kú ní 1979. Stephen ọmọ rẹ̀ gbà á, òun àti Prue ìyàwó rẹ̀. Àwọn méjèèjì ti jọ lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Geisenheim, ní Jámánì. Stephen ni onílé ọtí, Prue ni olóko. Tẹ́ ẹ bá bi mí, Prue ló gba oko yẹn là.

Ẹ gbọ́ ìdí. Ní àárín àwọn ọdún 1980, wáìnì pọ̀ jù lọ́jà, kò sẹ́ni tó ń ra Shiraz. Ìjọba wá gbé ètò kan kalẹ̀: wọ́n á sanwó fún àgbẹ̀ tó bá fa àjàrà rẹ̀ tu. Ẹ jẹ́ kó wọ̀ yín létí. Wọ́n ń sanwó fún ẹni tó bá tu igi ọgọ́rùn-ún ọdún! Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ gbà á, torí gbèsè ti dé ọrùn. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Ẹni tí ebi ń pa kì í gbọ́ ìwàásù. Àwọn kan ní Barossa, irú Peter Lehmann tó ń ṣe wáìnì, ń ra èso lọ́wọ́ àwọn arúgbó àgbẹ̀ kí wọ́n má bàa tu oko wọn. Ní 1986, láàárín wàhálà yẹn gan-an, Prue bẹ̀rẹ̀ sí rìn nínú oko Hill of Grace, igi kan lẹ́yìn èkejì, ó ń ṣàmì sí èyí tó lágbára jù, tí èso rẹ̀ dáa jù. Ó gé ẹ̀ka lára wọn, ó fi dá oko ìtọ́jú irúgbìn sílẹ̀. Nígbà tí ayé ń tu, obìnrin yìí ń gbìn. Tí baba àgbà kan bá kú lónìí, ọmọ tirẹ̀ gan-an ni wọ́n máa gbìn dípò rẹ̀.

Ó tún jẹ́ kí koríko ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ padà hù láàárín àjàrà, ó ń fi pòròpórò bo ìdí igi kí omi má bàa gbẹ. Ní 2009, Barossa wá kọ ìlànà sílẹ̀ fún àwọn igi àgbà: tó bá ti pé ọdún 35, ó ti di àgbà, ó ní orúkọ fún ọdún 70, fún 100, àti fún 125 sókè. Lọ́dún kan náà, ìdílé méjìlá tó ní ilé wáìnì tiwọn parapọ̀ di ẹgbẹ́ kan, Henschke wà níbẹ̀, Yalumba tí Samuel Smith dá sílẹ̀ ní Angaston ní 1849 wà níbẹ̀. Ilé ńláńlá ló ń ra ilé kéékèèké lórílẹ̀-èdè yìí. Nígbà náà, àwọn méjìlá yẹn ò tíì tà.

Gbogbo rẹ̀ kọ́ ló yọrí sí rere o. Ní 1981 wọ́n ra oko ápù kan ní Lenswood, ní Adelaide Hills, wọ́n gbin àjàrà sí i. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá 2019, iná Cudlee Creek dé. Àwọn tó wà ní Adelaide nígbà náà á rántí èéfín yẹn. Ó jó oko Lenswood bàjẹ́. Ẹnìkan ní kí n pa òwe "ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i" níbí. N ò ní í pa á. Ilé lè di títún kọ́ láàárín ọdún kan. Àjàrà ogójì ọdún, ogójì ọdún ló máa gbà. Wọ́n ti ń tún un gbìn, Johann ọmọ wọn, ìran kẹfà, ti wà nídìí iṣẹ́ náà.

Ká tó gbéra

Ó ku ọ̀rọ̀ bàtà. Ẹ fọ bàtà yín kẹ́ ẹ tó wọ bọ́ọ̀sì. Ìdọ̀tí ìdí bàtà ni kòkòrò tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lè bá wọlé. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Victoria dé, bàtà mìíràn ni kó wọ̀. Ẹ má wọnú oko tí wọn ò bá ní kẹ́ ẹ wọ̀ ọ́. Fọ́tò Hill of Grace, ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ni ká ti yà á.

Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ tọ́ wáìnì wò, korobá á wà níbẹ̀ tí wọ́n ń tu ú sí. Títu ú kì í ṣe àrífín. Àwọn tó mọ̀ ọ́n gan-an ló ń tu ú. Àwọn tí kò mu ọtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa lọ. Ṣọ́ọ̀ṣì wà, ìtàn wà, búrẹ́dì Barossa sì dùn.

Hill of Grace ńkọ́? Ọgọ́rọ̀ọ̀rún dọ́là ni ìgò kan. Akápò ti ní kí n sọ fún yín pé owó ẹgbẹ́ ò sí fún un. (Ẹ̀rín.) Julius tàbí Henry's Seven ni kẹ́ ẹ béèrè, owó wọn kò le tó bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ kan náà sì ni.

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni bọ́ọ̀sì á gbéra, kì í ṣe mẹ́jọ tiwa. Ẹ ṣeun. Mo rí ọwọ́ màmá kan lókè lẹ́yìn. Ẹ bá mi gbé makirofóònù fún wọn.